Gọ́ọ̀mù sítíkà kù sára dígí: bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọ́ láì dá àpá sí i lára

Ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù onídìrí l'Óṣogbo ló bi mí ní ìbéèrè yìí: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù yìí kí n tó gbà á fi dígí ńlá mẹ́ta sílẹ̀ lára ògiri, inú mi sì dùn torí mo mọ iye tí wọ́n ń ta dígí báyìí. Ṣùgbọ́n ó ti lẹ sítíkà orúkọ ẹ̀ àti iye tó ń ṣe irun mọ́ wọn lára, ó tún fi téèpù onífóòmù lẹ iná LED yí wọn ká. Mo ti ya bébà ẹ̀ kúrò, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ló kù, ó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, eruku sì ti sọ ọ́ di dúdú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fi kànrìnkàn onírin họ igun kan, mo ń rí ìlà wẹ́wẹ́ níbẹ̀ báyìí. Ẹnìkan ní kí n lo réésà, ẹnìkan ní bẹntiróòlù, ẹnìkan ní Jik. Èwo ni kí n ṣe tí mi ò fi ní ba dígí yìí jẹ́?"

Ẹ kú oríire ṣọ́ọ̀bù tuntun o, Àǹtí, ajé á máa wọlé síbẹ̀. Kí ọkàn yín balẹ̀, dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì máa mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa lò ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín níbẹ̀ yẹn: dírayà, sípíríìtì tẹ́ ẹ fi ń nu sísọ́ọ̀sì, ọṣẹ olómi, òróró irun. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ gba kànrìnkàn onírin yẹn lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ má bá a jà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé Jik padà síbi tó wà. Màá ṣàlàyé ìdí ẹ̀ kó yé yín, torí téèyàn bá ti mọ bí wọ́n ṣe ṣe dígí, òun fúnra ẹ̀ á ti mọ èyí tó lè fi kàn án àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Iwájú dígí tẹ́ ẹ ń fọwọ́ kàn yẹn, gíláàsì lásán ni. Ohun tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú yín wà lẹ́yìn ẹ̀, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, tó bá jẹ́ dígí tówó ẹ̀ ò wọ́n ó lè jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, wọ́n á wá kun ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀ kí omi àti afẹ́fẹ́ má bàa débẹ̀. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Jámánì, ló rí ọ̀nà tí fàdákà fi lè jókòó sára gíláàsì látinú omi kẹ́míkà lọ́dún 1835, dígí fàdákà òde òní sì ṣì ń tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ọ̀nà méjì ni dígí máa ń gbà bàjẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn sì máa ń rántí. Wọ́n ń sá fún kí iwájú ẹ̀ má họ, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tí mo máa ń rí jù lẹ́nu iṣẹ́ ni omi tàbí kẹ́míkà tó gba etí dígí wọ ẹ̀yìn lọ. Ṣé ẹ ti rí dígí tí etí ẹ̀ dúdú, tí dúdú yẹn wá ń rìn bọ̀ sáàárín díẹ̀díẹ̀? Fàdákà ló ti bàjẹ́ níbẹ̀, kò sì sí aṣọ tẹ́ ẹ máa fi nù ún tó máa lọ, torí ẹ̀yìn ló wà. Jik máa ń jẹ fàdákà, ó máa ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù sítíkà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó kan òun. Aṣọ funfun àti ilé ìyàgbẹ́ ni iṣẹ́ Jik wà, kò ní iṣẹ́ kankan lára dígí. Omi ìnudígí tó ní amóníà náà, tẹ́ ẹ bá ní in nílé, ẹ má jẹ́ kó ṣàn dé etí.

Ká wá sọ ti iwájú. Friedrich Mohs, ará Jámánì lòun náà, ṣe ìwọ̀n kan lọ́dún 1812 tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe le sí, láti 1 dé 10, èyí tó bá le jù ló máa họ èyí tí kò le tó o. Èékánná wa wà ní bíi 2.5. Gíláàsì wà ní bíi 5.5, irin abẹ ò jìnnà sí i, òmíì tiẹ̀ le jù ú lọ díẹ̀. Yanrìn wà ní 7. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí dáadáa: yanrìn le ju gíláàsì lọ. Eruku ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà bọ̀, eruku ojú títì tó ń wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá kọjá, yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú gbogbo ẹ̀, gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ sì ti ń gbà á jọ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ya bébà orí ẹ̀. Dúdú tẹ́ ẹ ń rí yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, yanrìn wà níbẹ̀, èèyàn tó bá mú aṣọ gbígbẹ tó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, sáńpépà ló ń fi fọ dígí yẹn. Gọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ rọ̀, kò lè họ nǹkan kan. Yanrìn àti ìkánjú ló ń dá àpá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n fi nǹkan sí gọ́ọ̀mù kí wọ́n sì jókòó, ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n bá fi dúró á ṣe ju wákàtí kan tí wọ́n fi ń họ ọ́ lọ.

Kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun kàn án, ẹ wò ó bóyá gíláàsì ni lóòótọ́, torí dígí oníke ti pọ̀ lọ́jà gan-an báyìí, pàápàá àwọn tí wọ́n gé ní oríṣiríṣi àwòrán tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ fi èékánná lù ú díẹ̀, gíláàsì á dún gooro, ike á dún pọ́pọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án láàárọ̀, gíláàsì máa ń tutù, ike kì í tutù bẹ́ẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn kẹ́ ẹ wo ojú yín nínú ẹ̀, ike máa ń tẹ̀, ojú á wá gùn tàbí kó fẹ̀. Tó bá jẹ́ ike, sípíríìtì, asẹ́tóònù (omi ìyọ-kútẹ́ẹ̀sì), tínà, réésà, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kàn án nínú wọn, àwọn olómi yẹn á jẹ́ kó ṣú kó sì sán wẹ́wẹ́, réésà á gé e. Ọṣẹ olómi, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti òróró nìkan ni tiẹ̀, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ àti sùúrù. Dígí ńlá ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín sábà máa ń jẹ́ gíláàsì ṣá, nítorí náà ọ̀rọ̀ gíláàsì ni màá máa bá lọ.

Iná LED tó bá ṣì wà lára ẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn pa á. Ẹ ká táwẹ́lì gbígbẹ kan sísàlẹ̀ dígí kó máa gba omi tó bá ṣàn wá, torí etí ìsàlẹ̀ ni omi máa ń jókòó sí, ibẹ̀ sì ni dúdú ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá da ọṣẹ olómi díẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe omi tó ń hó o, omi gbígbóná gan-an lórí gíláàsì tútù lè là á sí méjì. Síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́tìn àtijọ́ dáa, aṣọ onírun wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń nu mọ́tò dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ tó ní bọ́tìnnì tàbí síìpù kọ́ o. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fún un, ẹ tò ó mọ́ gọ́ọ̀mù náà láì tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá nù ún lọ sápá kan ṣoṣo, ẹ yí ojú aṣọ padà, ojú tó ti gba eruku ò gbọ́dọ̀ padà sórí dígí àfi tẹ́ ẹ bá ti ṣàn án. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, tẹ́ ẹ bá ti rí i tó dúdú ẹ dà á nù, yanrìn tẹ́ ẹ ń yọ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má fún omi tàbí ohunkóhun lu dígí tààrà, orí aṣọ ni kẹ́ ẹ máa fún gbogbo ẹ̀ sí.

Gọ́ọ̀mù yẹn ò tíì lọ o, eruku orí ẹ̀ nìkan lẹ yọ. Ó ti wá di mímọ́, ó sì ń lẹ̀ dáadáa, èyí tó fún yín láǹfààní láti fi téèpù yọ ọ́: ẹ gbé dírayà yín, ẹ fi sí gbígbóná díẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí dígí ní bí ìbú ọwọ́ kan, ẹ máa gbé e káàkiri, ẹ má dúró sójú kan, torí tí ojú kan bá gbóná tí ìyókù tutù gíláàsì lè sán. Tí gọ́ọ̀mù bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tọ́wọ́ yín lè gbé orí ẹ̀ láì jó yín, ẹ mú sẹ́lótéèpù fífẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ fà á kúrò. Gọ́ọ̀mù á tẹ̀ lé gọ́ọ̀mù, á fi dígí sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú téèpù tuntun, ibi tó bá ṣẹ́kù ẹ fi àtàǹpàkò yí i, á ká jọ, ẹ̀ẹ́ sì ṣà á. Tí sítíkà yẹn ò bá tíì pẹ́ níbẹ̀, tí oòrùn ò sì kan ògiri yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìdajì iṣẹ́ parí síbí láì lo kẹ́míkà kankan, ibí ni mo sì fẹ́ràn kéèyàn ti máa bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Èyí tó bá kù, òróró ló kàn. Òróró ìsebẹ̀, àdín, òróró irun tó wà lórí tábìlì yín, èyíkéyìí ló dáa. Òróró máa ń wọ inú gọ́ọ̀mù, á wú u, á sì gba lílẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ fi kọ́tìn wúùlù pa á bo gbogbo ojú ibẹ̀, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 20 tàbí 30, tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù tí oòrùn ti pa tó ti gan, ẹ lè bù ú sí i kẹ́ ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ẹ mú káàdì ATM tẹ́ ẹ ò lò mọ́, ẹ fi ẹnu ẹ̀ ti gọ́ọ̀mù náà síwájú, ike ni, kò lè họ gíláàsì, á kó o jọ sójú kan. Èèpo ọsàn náà ní òróró nínú tó lágbára gan-an lórí gọ́ọ̀mù, limonene ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀pọ̀ omi ìyọ-gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà lókè òkun, ṣùgbọ́n ibi kékeré ni èèpo ọsàn lè kájú ẹ̀, ẹ fún un sórí aṣọ. Ohun tí mo fẹ́ràn lára òróró ni pé kò ní kẹ́míkà tó lè jẹ fàdákà, kì í gbiná fìrì, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá ṣì í lò kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Aburú ẹ̀ kan ni pé ẹ gbọ́dọ̀ fọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò kó tán pátápátá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eruku ọ̀la á tún jókòó lé e.

Sípíríìtì, tàbí methylated spirit tẹ́ ẹ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, yá ju òróró lọ, ṣùgbọ́n kì í dúró, kó tó rẹ gọ́ọ̀mù ó ti fẹ́ lọ. Ẹ rẹ kọ́tìn wúùlù sínú ẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀, ẹ fi ike náílọ̀n bò ó fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kó má bàa gbẹ, kẹ́ ẹ wá nù ún. Sánítáísà tí gbogbo wa kó jọ nígbà Kòrónà, èyí tó ki, dáa ju sípíríìtì lásán lọ lára ògiri torí kì í ṣàn, irú ọtí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí sípíríìtì àti dírayà pàdé. Tẹ́ ẹ bá ti lo sípíríìtì, dírayà á wà ní pípa, sítóòfù tẹ́ ẹ fi ń gbóná omi á wà ní pípa, ìlẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀, ẹ ò ní tan ohunkóhun títí òórùn ẹ̀ á fi lọ. Mo ń sọ ọ́ kíkan torí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kún fún irun àti àwọn nǹkan tó ń gbiná kíákíá.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà kẹ́ ẹ lo bẹntiróòlù láé. Ó ń yọ gọ́ọ̀mù o, ẹni tó sọ fún yín ò purọ́. Ṣùgbọ́n èéfín ẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́ tí ẹ ò ní rí i, á rìn lọ bá jẹnẹrétọ̀ tàbí sítóòfù lẹ́yìn ilé, iná á sì gbà á padà wá bá yín níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Nítorí gọ́ọ̀mù? Rárá o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan tó jọ ọ́, kẹrosíìnì ni, ẹ bù ú díẹ̀ sórí aṣọ, kì í ṣe sórí dígí, ẹ tò ó mọ́ gọ́ọ̀mù fún ìṣẹ́jú 5, òun náà ń gbiná ṣùgbọ́n kì í yára bíi bẹntiróòlù, ẹ jìnnà síná náà ṣá, kẹ́ ẹ sì fọṣẹ fọ òórùn ẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà. Ẹ má jẹ́ kó dé etí dígí.

Ó ku réésà. Mi ò ní sọ pé ẹ má lò ó, èmi náà ń lò ó, ó sì dáa fún gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ tó le tí òróró ò fẹ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń lò ó ló ń sọ ọ́ di ohun rere tàbí ohun búburú. Abẹ fẹ́lẹ́ olójú méjì tí wọ́n fi ń fárí kọ́ o, ìyẹn ń tẹ̀, á gé yín lọ́wọ́. Èyí tó ní ojú kan ṣoṣo tí ẹ̀yìn ẹ̀ ki, tí wọ́n fi sínú ọwọ́ ike tàbí irin, tí àwọn akùnlé fi ń yọ ọ̀dà lára gíláàsì fèrèsé, ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà. Kó jẹ́ tuntun, réésà tó ti dógùn-ún tàbí tó ti kán lẹ́nu ló ń họ dígí jù. Ojú dígí gbọ́dọ̀ tutù pẹ̀lú omi ọṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé e lé e, tó bá fẹ́ gbẹ ẹ tún fi sí i. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ mọ́ gíláàsì, bí ìwọ̀n 30 dìgírì, gbogbo ẹnu ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kàn án, kì í ṣe igun ẹ̀ nìkan. Ẹ tì í síwájú, ẹ gbé e kúrò, ẹ nu ẹnu ẹ̀, ẹ tún padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tún tì í. Ẹ má fà á padà sẹ́yìn láì gbé e, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fà á padà ni yanrìn tó bá há sábẹ́ ẹ̀ máa fa ìlà gígùn. Kẹ́ ẹ sì fetí sí i: tó bá ń lọ geere kò sí wàhálà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣan ibẹ̀. Ẹ dá a dúró ní ìbú ìka kan sí etí dígí, òróró àti káàdì ló ni ibẹ̀ yẹn. Tí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín bá jẹ́ gíláàsì tó nípọn, irú èyí tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ tó bá fọ́, ẹ má gbé réésà débẹ̀ rárá, torí èérún gíláàsì tíntìntín máa ń lẹ̀ mọ́ ojú irú ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan án ní ilé iṣẹ́, réésà á wọ́ wọn káàkiri.

Téèpù onífóòmù tí wọ́n fi lẹ LED ní tiẹ̀ yàtọ̀, àwọn èèyàn sì máa ń fi agbára fà á títí tí fóòmù á fi ya tí ìdajì ẹ̀ á kù. Ẹ fi dírayà gbóná sí i fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ mú okùn tínrín tó lágbára, okùn ìpẹja tàbí òwú ìránrun tẹ́ ẹ fi ń rán wífọ́ọ̀nù, ẹ ká a mọ́ ìka méjèèjì, ẹ ki í sẹ́yìn téèpù náà, ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀, á gé fóòmù láàárín láì kan dígí. Ìpele tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi òróró rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó fi káàdì tì í. Etí dígí ni téèpù yìí sábà máa ń wà, nítorí náà ẹ má bu òróró tó ń kán, ìwọ̀nba tó kàn tutù ni, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu etí náà bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é lọ.

Bẹ́ ẹ bá rí gọ́ọ̀mù míì lára wọn, ẹ mọ̀ pé oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Sùpágúlù, asẹ́tóònù tí wọ́n fi ń yọ kútẹ́ẹ̀sì ló ń yọ́ ọ, ẹ rí i pé èyí tó ní asẹ́tóònù lóòótọ́ ni, ẹ fi kọ́tìn wúùlù àti náílọ̀n bò ó fún ìṣẹ́jú 10, iná ò gbọdọ̀ sí nítòsí tiẹ̀ náà. Gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ṣùmékà ń lò, tínà díẹ̀ lórí aṣọ ló ń rọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tó o, bákan náà ni pósítà tí wọ́n fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ̀, bíi tàwọn olóṣèlú, ẹ kàn fi aṣọ tútù bò ó kó rẹ, ẹ má fi kẹ́míkà ṣòfò. Sílíkóònù ni kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ́ fi réésà gé e, ẹ̀ẹ́ sì fi sípíríìtì nu ìyókù. Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ fi èyí kún un fún ẹni tó bá fẹ́ gbé dígí tuntun: sílíkóònù tó ń rùn bíi fínígà nígbà tí wọ́n bá ń fún un, kí wọ́n má fi lẹ ẹ̀yìn dígí, omi kíkan inú ẹ̀ ń jẹ fàdákà, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ̀ẹ́ máa rí àmì ẹ̀ láti iwájú. Ẹ bèèrè fún èyí tí kì í rùn bẹ́ẹ̀.

Igun tí ọmọ yín họ ńkọ́? Ẹ má tíì banú jẹ́. Nígbà míì irin kànrìnkàn ló fi ara ẹ̀ sílẹ̀ lórí gíláàsì, kì í ṣe pé gíláàsì họ. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí aṣọ, ẹ tò ó mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ nù ún, ẹ fi omi nù ún tẹ̀ lé e kẹ́ ẹ sì gbẹ ẹ́, àti pé kó má dé etí. Tí ìlà náà bá lọ, a dúpẹ́. Tí kò bá lọ, ẹ fi ẹnu èékánná rìn kọjá lórí ẹ̀. Tí èékánná bá há síbẹ̀, ó ti jìn, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa fi pa á tó máa lọ, férémù tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí onígíláàsì gé etí yẹn dín ló kù, dígí yín á kàn kéré díẹ̀ ni. Tí èékánná bá kọjá láì há, tó jẹ́ pé ìgbà tí iná bá tàn sí i lẹ ń rí i, onígíláàsì tó ní ìyẹ̀fun síríọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dán gíláàsì lè fi aṣọ fẹ́ẹ̀tì tútù dán an, ṣùgbọ́n tó bá ti dán an ju bó ṣe yẹ lọ ibẹ̀ á wọ́, ojú oníbàárà á máa ṣe wọ́gọwọ̀gọ níbẹ̀. Tèmi ni pé tó bá jẹ́ igun ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ń sọ pé ó ń pa á rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lórí gíláàsì, eérú àti ọṣẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò á tún fi kún ìlà tó ti wà ńlẹ̀ ni.

Tí gbogbo gọ́ọ̀mù bá ti lọ, ẹ fi omi ọṣẹ nu gbogbo ojú dígí láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ fi aṣọ tó tutù pẹ̀lú omi lásán tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá da sípíríìtì àti omi pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, ẹ wọ́n ọn sórí aṣọ mímọ́ kẹ́ ẹ fi nu àṣekẹ́yìn. Ẹ gbẹ ẹ́ kíákíá, ẹ má jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, omi bohóòlù máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ tó máa tún fún yín níṣẹ́ míì. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo etí yíká kẹ́ ẹ tó tan iná LED padà. Lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí láti ẹ̀gbẹ́, ibi tí gọ́ọ̀mù tàbí òróró bá ṣì wà á hàn, ibẹ̀ nìkan lẹ máa padà sí.

Ti iye owó irun tiyín, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tàbí kẹ́ ẹ ṣe é sínú férémù kékeré. Bó bá jẹ́ dígí lẹ ṣì fẹ́, ẹ yan ibi tí oòrùn ò dé, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ fi dírayà gbóná sí i ná, ẹ mú igun kan, kẹ́ ẹ fà á padà sórí ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ fà á wá sójú yín, bébà àti gọ́ọ̀mù á jọ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.